Imí Erin Lójú Ọ̀nà: Bí Ẹgàn Ṣe Ń Gbin Ara Rẹ̀ ní Igbó Omo

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ṣàgámù sí Benin, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọjá Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹ tó dé Ọ̀rẹ̀, ẹ ó kan ibì kan tí wọ́n ń pè ní J4. Àwọn awakọ̀ mọ orúkọ náà dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èrò tó ń tòògbé nínú ọkọ̀ ni kò mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ igbó tí erin ṣì ń gbé ni àwọn ń gbà kọjá. Kì í ṣe erin inú ọgbà ẹranko, kì í sì í ṣe erin inú àlọ́. Erin gidi ni, tó ń bímọ, tó ń rìn lóru, tó sì ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ènìyàn lè ti Èkó lọ kó sì padà dé lọ́jọ́ kan náà.

Igbó Omo ni orúkọ igbó yìí, orúkọ odò tó gba inú rẹ̀ kọjá ni wọ́n sì fi ń pè é. Nínú ìwé ìjọba, ó fẹ̀ tó 130,500 hẹ́kítà, ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ọdún 1925 ni ìjọba amúnisìn ti yà á sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí apá kan igbó ọba ńlá tí wọ́n pè ní Shasha. Ní 1946, wọ́n mú 460 hẹ́kítà nínú rẹ̀, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi níbẹ̀, kò gbọdọ̀ dáko, kò sì gbọdọ̀ dọdẹ, kí àwọn onímọ̀ lè máa wo bí ẹgàn ṣe ń ṣe nígbà tí ọmọ ènìyàn ò bá fọwọ́ kàn án. Ní 1977, UNESCO fi Omo kún àwọn ibi tí wọ́n yàn káàkiri àgbáyé láti fi wo bí ènìyàn àti ẹ̀dá inú igbó ṣe lè jọ gbé pọ̀. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Àwọn ènìyàn ń lọ síbẹ̀ láti lọ wò ó, àwọn tó sì ń béèrè nípa rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń bọ̀ pẹ̀lú ìjákulẹ̀, nítorí fíìmù àwọn ẹranko Kenya àti Tanzania ló wà lọ́kàn wọn nígbà tí wọ́n ń lọ. Ọ̀dàn ni ti Kenya yẹn. Ojú á ríran jìnnà, ẹran á wà níta gbangba. Nínú ẹgàn, ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ ríran ju ogún tàbí ọgbọ̀n mítà lọ. Erin lè wà nítòsí kí ẹ má mọ̀. Àwọn baba wa tó sọ pé "àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí" kò tíì rí erin Omo, tó jẹ́ pé fìrí náà gan-an ṣọ̀wọ́n. Ohun tí ẹ ó rí, bí ẹ bá ní ẹni tó mọ̀nà, ni ẹsẹ̀ erin nínú ẹrẹ̀, èèpo igi tó fi ara họ, àti imí rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Imí náà ni kí ẹ dúró wò. Bí ẹ bá lóye rẹ̀, ẹ ti lóye ẹgàn, nítorí ohun tó ń mú igbó náà wà láàyè wà nínú rẹ̀.

Ilẹ̀ tí kò lọ́ràá tó bí a ṣe rò

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé ibi tí igi bá ti ga tó ilé alájà mẹ́wàá, ilẹ̀ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ́ràá gan-an. Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ fi ń fẹ́ ilẹ̀ ẹgàn. Ọdún méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, iṣu á ta, ọ̀gẹ̀dẹ̀ á so. Lẹ́yìn náà ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, àgbẹ̀ á sì máa wá ibòmíràn tí yóò ṣán.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ṣépè fún un. Òjò tó ń rọ̀ ní Omo lọ́dún kan wà láàárín 1,600 àti 2,000 mìlímítà. Irú òjò bẹ́ẹ̀, láti ọdún gbọọrọ, ti fọ ọ̀pọ̀ ohun tó jẹ́ oúnjẹ igi kúrò nínú ilẹ̀. Ọ̀rá ẹgàn kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ilẹ̀, ara igi àti ewé fúnra wọn ló wà. Ewé á já bọ́, ikán á jẹ ẹ́, olú á hù lé e, kòkòrò tí ojú kò lè rí á sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, gbòǹgbò tó tẹ́ sí òkè ilẹ̀ á sì fà á padà kí òjò tó gbé e lọ. Òwú tín-ín-tín-ín kan wà lára olú tó ń nà gbalasa lábẹ́ ilẹ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò igi. Ó ń bá igi wá oúnjẹ níbi tí gbòǹgbò kò lè dé, igi náà sì ń fún un ní ṣúgà tí ewé ṣe. Ọjà ni wọ́n ń ná. Ewé tí ì bá fi ọdún púpọ̀ wà nílẹ̀ ní ilẹ̀ olótùútù, oṣù mélòó kan ló tó kó pòórá nínú ẹgàn.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gé igi, tí wọ́n gbé gẹdú lọ, tí wọ́n sì sun ìyókù, wọ́n ti kó àpò owó igbó lọ ní ẹ̀ẹ̀kan. Eérú yẹn ni iṣu ọdún àkọ́kọ́ ń jẹ.

Ó tún ń ṣàlàyé nǹkan mìíràn tí ẹ ó rí. Bí ẹ bá dé ìdí àràbà ńlá, ẹ ó rí ìtì tó yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ògiri pẹlẹbẹ, tó ga ju ènìyàn lọ. Gbòǹgbò tó tẹ́ sí òkè ilẹ̀ kò lè di igi tó ga tó bẹ́ẹ̀ mú nígbà ìjì, ìtì wọ̀nyí ló ń gbé e ró.

Lẹ́yìn ilẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló kù. Lókè pátápátá ni ìrókò, arère àti àràbà wà, tí orí wọn yọ sókè ju ti àwọn yòókù lọ, àwọn kan ga tó 50 mítà. Nísàlẹ̀ wọn ni àwọn igi tí orí wọn so pọ̀ bí òrùlé. Nísàlẹ̀ òrùlé yẹn ni àwọn igi kéékèèké wà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ilẹ̀ kò ti ju bí ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìdí nìyẹn tí ìsàlẹ̀ ẹgàn gidi kì í fi í dí bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Ènìyàn lè rìn nínú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ibi tó bá dí jẹgẹdẹ, tí ẹ ní láti fi àdá là kọjá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé wọ́n ti gé igi níbẹ̀ rí, oòrùn sì ti wọlé.

Lábẹ́ òjìji yẹn, igi kékeré kan lè dúró fún ọdún púpọ̀ láìga ju orúnkún lọ. Ó ń dúró de ikú àgbà ni. Lọ́jọ́ tí igi ńlá kan bá wó, tí ìmọ́lẹ̀ sì bọ́ sílẹ̀, gbogbo àwọn tó ti ń retí á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré sókè. Àwọn mìíràn kì í dúró rárá: ìtàkùn á di igi mú gun òkè. A máa ń sọ pé àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ni í bá tan, òótọ́ sì ni, ara ẹ̀ka ló ti ń mu omi igi. Ọ̀dán tilẹ̀ burú jù ú lọ. Ẹyẹ á yà á sí orí ẹ̀ka, á hù níbẹ̀, á sọ gbòǹgbò sílẹ̀ láti òkè, á yí igi tó gbà á lálejò ká títí tí ẹni náà á fi kú sínú rẹ̀. Àìmọye ọ̀dán lókè kò mọ ọkọ̀ ilẹ̀ rí nígbà èwe wọn.

Ta ló ń gbin igi?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ erin ti bẹ̀rẹ̀.

Igi kò lẹ́sẹ̀. Bí èso rẹ̀ bá bọ́ sí ìdí ìyá rẹ̀, ó ti bọ́ sínú òjìji, ó sì ti bọ́ sí àárín àwọn kòkòrò àti àìsàn tó ti mọ irú igi yẹn lójú. Ìrókò ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Ó ti pẹ́ tí àwọn ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí igbó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń gbìyànjú láti gbin ìrókò lọ́pọ̀ yanturu bí wọ́n ṣe ń gbin tíìkì. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò kékeré kan wà tó ń sọ kókó sí ewé ìrókò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, kókó náà á jẹrà, ọ̀mùnú rẹ̀ á sì kú. Bí ìrókò kékeré bá wà níbi kan ṣoṣo lọ́pọ̀, kòkòrò yìí á rin ìrìn kan ṣoṣo, á pa gbogbo wọn. Nínú ẹgàn, ọ̀kan wà níhìn-ín, èkejì wà lọ́hùn-ún tó jìnnà réré, kòkòrò ò tètè rí wọn. A ń sọ pé kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kékeré náà ni kòkòrò ti ń pa á.

Ta wá ló ń gbé èso ìrókò lọ sọ́nà jíjìn? Àdán ni. Ní Ghana, àwọn onímọ̀ ti tọpa rẹ̀, wọ́n sì rí i pé àdán ńlá aláwọ̀ koríko gbígbẹ tó ń fò lágbo lágbo ní ìrọ̀lẹ́ ni olórí ẹni tó ń fọ́n irúgbìn ìrókò ká. Ó ń jẹ èso rẹ̀ lóru, ó ń fò lọ, ó ń yà á dà sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Gẹdú tó wà lára ilẹ̀kùn ilé àwọn babańlá wa, iṣẹ́ àdán wà níbẹ̀.

Arère kò nílò ẹnikẹ́ni, ìyẹ́ wà lára èso rẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbé. Òwú àràbà náà, atẹ́gùn ló ń gbé e. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn igi ẹgàn ló gbẹ́kẹ̀ lé ẹranko àti ẹyẹ. Agbe àti àlùkò tí a mọ̀ nínú oríkì, ẹyẹ tó ń jẹ èso ni wọ́n. Odídẹrẹ́ ní tirẹ̀ máa ń fọ́ kóró jẹ, nítorí náà ká má fi bẹ́ẹ̀ kà á mọ́ àwọn tó ń gbin igi. Ọ̀bọ á ki èso sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, á lọ jẹ ẹ́ níbòmíràn, á tu kóró rẹ̀ sílẹ̀. Ní Omo, ọ̀bọ kan wà tí irun ọ̀fun rẹ̀ funfun bálaú. Kò sí irú rẹ̀ níbikíbi láyé àfi ní gúúsù Nàìjíríà, Benin àti Togo. Ọ̀dàn tó wọlé dé etí òkun ní Togo àti Benin pín ẹgàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sí méjì, àwọn ẹ̀dá kan sì há sí ẹ̀gbẹ́ kan tàbí sí àárín. Ọ̀bọ yìí jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìnàkí náà ṣì wà nínú igbó yìí, wọ́n kéré níye, ìtẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀ka ṣe lórí igi láti sùn ni àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó fi ń mọ̀ pé wọ́n gba ibẹ̀ kọjá.

Mo fẹ́ràn ti àtíòro àti àwọn ẹbí rẹ̀ tó tóbi jù ú lọ, àwọn ẹyẹ ẹlẹ́nu ńlá tí ìró ìyẹ́ wọn ń hó bí ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n bá ń fò kọjá lókè. Abo á wọ inú ihò igi ńlá, yóò di ẹnu ihò náà pa mọ́ ara rẹ̀, yóò ṣẹ́ tóóró ku ibi tí ẹnu lè gbà. Akọ yóò máa gbé èso wá fún un láti ìta, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, títí ọmọ á fi tó fò. Bí ọdẹ bá pa akọ lọ́jọ́ kan, ìyá àtọmọ ló wà nínú ewu nínú igi. Bí agégẹdú bá sì kó gbogbo igi àgbà tó ní ihò lọ, kò sí ilé mọ́. Igi kékeré mẹ́wàá kò lè di ilé kan fún un.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí imí. Erin inú ẹgàn kì í ṣe erin ọ̀dàn tó sáré wọgbó. Ní 2021, àjọ IUCN tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹ̀dá tó wà nínú ewu kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà méjì. Ti inú ẹgàn kéré jù, etí rẹ̀ rí róbótó, eyín rẹ̀ sì tọ́ gbọọrọ kọjú sílẹ̀, kí ó má baà máa há sára igi. Ohùn rẹ̀ kan wà tó relẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ ọ, tí erin mìíràn ń gbọ́ láti ọ̀nà jíjìn. Èso ló sì fẹ́ràn ju gbogbo nǹkan lọ.

Bí ẹ bá fi igi tú imí rẹ̀, ẹ ó rí ewé tí kò dà tán, èèpo igi, àti kóró èso lóríṣiríṣi, àwọn kan tóbi tó ọwọ́ ọmọdé. Òro wà nínú èso tí erin ń jẹ, òro tí a ń la kóró rẹ̀ láti fi se ọbẹ̀ àpọ̀n. Ẹyẹ wo ni yóò gbé irú kóró bẹ́ẹ̀ mì? Ọ̀bọ pàápàá kò lè gbé e jìnnà. Erin á gbé e mì odidi, á rìn, á sì yà á sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta pẹ̀lú ajílẹ̀ tirẹ̀. Ní igbó Ndoki ní Congo, àwọn onímọ̀ wọ̀n ọ́n, wọ́n rí i pé irúgbìn kan lè bá erin rin ju 50 kìlómítà lọ. Láàárín wákàtí mélòó kan, yímíyímí á ti dé orí imí náà, á máa yí i lọ sin, á sin kóró kéékèèké mọ́ ọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àjẹkù rẹ̀ á hu olú, ọ̀mùnú igi á sì yọ láàárín rẹ̀. Ẹ ó rí i bí ẹ bá tẹ̀ba wò ó.

Erin tún ń ṣe iṣẹ́ mìíràn tó dà bí ìbàjẹ́. Ó ń ṣẹ́ igi wẹ́wẹ́, ó ń tẹ ọ̀mùnú mọ́lẹ̀, ó ń fa ìtàkùn já. Àwọn àgbà ti sọ tirẹ̀: ìtàkùn tó ní kí erin má gòkè, tòun terin ni yóò jọ lọ. Àwọn igi tó ń yára dàgbà, tí ara wọn rọ̀, ni ó máa ń jẹ jù. Àwọn olóríkunkun tí igi wọn le, tó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, ló ń rí àyè níkẹyìn. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019 ṣírò pé bí erin bá tán pátá ní ẹgàn àárín gbùngbùn Áfíríkà, ìwọ̀n igi tí igbó náà ń gbé dúró yóò dín ní ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún. Igi tó wúwo ló ń gba èéfín afẹ́fẹ́ pamọ́ jù, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí kò ní rí erin láéláé pẹ̀lú.

Nígbà tí igbó bá dákẹ́

Ní 1992, Kent Redford, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan nípa ohun tó pè ní igbó òfìfo. Ohun tó ń sọ ni pé ènìyàn lè dúró lókè, kó wo igbó láti inú bàálù, kó rí i pé igi wà níbẹ̀ pẹrẹsẹ, kó sì sọ pé ó dára. Ṣùgbọ́n bí ọdẹ bá ti kó gbogbo ẹran ńlá tán nínú rẹ̀, àwọn igi tí ẹ ń wò yẹn àgbà tí kò ní àrólé ni wọ́n. Wọ́n lè dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún sí i. Kò kúkú sí ẹni tí yóò gbé kóró wọn lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù ni ti erin, nítorí erin kì í tètè bímọ. Oṣù 22 ni ó fi ń lóyún. Ní Dzanga ní ilẹ̀ Central African Republic, níbi tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo erin kọ̀ọ̀kan, àwọn onímọ̀ rí i pé abo erin ẹgàn máa ń tó nǹkan bí ọdún 23 kó tó bí àkọ́bí, lẹ́yìn náà á fi ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà sí àárín ọmọ méjì. Agbo erin tí wọ́n bá ti pa ìdajì rẹ̀ lónìí, bí wọn ò tilẹ̀ tún yìnbọn kankan mọ́, àwọn ọmọ ọmọ wa ló máa rí i kó tó padà pé. Ọdún 60 ni wọ́n ṣírò. Ìyẹn ni IUCN ṣe kọ ọ́ sí ìpele ewu tó ga jù ní 2021, pé erin ẹgàn ti dín ju ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún lọ láàárín ọdún 31.

Omo náà kò yọ sílẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn agégẹdú ti ń là ọ̀nà wọlé ni àwọn mìíràn ti ń gba ọ̀nà wọn tẹ̀lé wọn. Ní ọdún bíi 1960 síwájú, ìjọba fúnra rẹ̀ ṣán apá ńlá níbẹ̀, ó gbin Gmelina, igi tó ti ilẹ̀ Éṣíà wá, tó ń yára ga, tí wọ́n fẹ́ máa fi ṣe ìwé ní Ìwópin. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ fetí sílẹ̀. Igi wà lórí ìlà bí ìṣẹ́ ológun, ewé sì wà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ rìn padà wọ apá tí ó jẹ́ ẹgàn, etí yín á sọ ìyàtọ̀ fún yín kí ojú tó sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni kòkó. Àwọn àgbẹ̀ ń gbé nínú igbó ọba náà, ọ̀pọ̀ wọn ti wà níbẹ̀ láti ìgbà bàbá wọn, àwọn mìíràn dé láìpẹ́ láti ọ̀nà jíjìn. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ó rọrùn fún ẹni tó ń gbé Èkó láti sọ pé kí wọ́n kúrò. Kì í ṣe oko òun ni erin wọ̀ lóru, tó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ tán, tó fẹsẹ̀ tẹ kòkó tó ti fi ọdún mẹ́rin tọ́jú. Àgbẹ̀ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, tí kò sì sí ẹni tó san kọ́bọ̀ fún un, ẹ má retí pé yóò fẹ́ràn erin. Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ kí erin wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè àgbẹ̀ yìí: níbo ni ààlà wà, ta ló ń ṣọ́ ọ, ta ló sì ń san ohun tó bàjẹ́? Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó tó ń gbìyànjú níbẹ̀ mọ̀ pé ìbọn nìkan kò lè dáhùn rẹ̀. Bí oko bá gba àárín ẹgàn kọjá, á pín in sí wẹ́wẹ́, erin tí kò lè rìn kò sì lè gbé kóró lọ sí 50 kìlómítà, nítorí kò ní 50 kìlómítà tó lè rìn.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù, láàárín oṣù Kejìlá àti Kejì, nítorí ọ̀nà inú igbó máa ń di ẹrẹ̀ nígbà òjò. Ẹ má dá wọ ibẹ̀. Igbó ọba ni, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó o, kí ẹ sì mú ẹni tó mọ̀nà dání. Ẹ lo oògùn ibà bí dókítà bá ṣe sọ, ẹ sì gba abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú tí ẹ kò bá tíì gbà á. Ṣòkòtò gígùn, bàtà tó bo kókósẹ̀, kí ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Ti ìjàlọ ni mo ń wí. Bí ẹ bá rí èèrà dúdú tó tò lọ bí odò, ẹ fo kọjá, ẹ má dúró yà á ní fọ́tò láti àárín rẹ̀. Wọn kò ríran, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣìnà sí ẹsẹ̀ ènìyàn. Ẹ wò yí ká nígbà náà, àwọn ẹyẹ kan máa ń tẹ̀lé wọn láti ṣa àwọn kòkòrò tó ń sá fún wọn jẹ.

Ẹ lọ ní kùtùkùtù. Ẹni tó bá ti wọgbó lẹ́yìn ìrun àsùbáà á gbọ́ ohun tí ẹni tó dé ní aago mẹ́wàá kò ní gbọ́. Ẹ má lo lọ́fínńdà. Ẹ má sọ̀rọ̀ sókè. Bí erin bá sì wá yọ lóòótọ́, ẹ má rò pé ẹ ti di olóríire kí ẹ wá gbé fóònù sókè. Ẹ tẹ̀lé ẹni tó mọ̀nà, ẹ fà sẹ́yìn wẹ́rẹ́, pàápàá bí ọmọ bá wà pẹ̀lú rẹ̀.

Bí ẹ bá ń padà lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ ó rí àwọn tó na ẹran ìgbẹ́ sókè létí títì fún ọkọ̀ tó ń kọjá. Mùsùlùmí á ti kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n dú u kó tó kú, ìdáhùn rẹ̀ kì í sì í dájú, nítorí ìbọn àti tàkúté kì í dúró de ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì wà tó kan gbogbo ènìyàn: ẹran wo ni? Ọ̀yà ń gbé inú koríko àti oko, abo rẹ̀ lè bí ọmọ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè bí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń sìn ín nílé. Ẹtu kì í bí ju ọ̀kan ṣoṣo lọ lẹ́ẹ̀kan, èso tó bọ́ sílẹ̀ ló sì ń jẹ nínú ẹgàn. Ọ̀bọ àti àkíka, ẹran tí ìpẹ́ bo gbogbo ara rẹ̀ tó ń jẹ ikán, òfin Nàìjíríà ti dáàbò bò wọ́n láti 1985. Wọ́n lè so gbogbo wọn mọ́ igi kan náà, kí olówò sì pè wọ́n ní orúkọ kan ṣoṣo, "ẹran ìgbẹ́". Ẹ sọ fún awakọ̀ kó rọra, kí ẹ wo èyí tó wà lórí igi náà dáadáa.